Ìpẹtà Ni Ká Bọ́, Ká Fi Ọ̀dà Sílẹ̀

Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ mí ni pé kí n wá ṣàlàyé bí a ṣe lè bọ́ ìpẹtà lára kẹ̀kẹ́ ológeere tó ti pẹ́ láyé, tí ọ̀dà tó bá a jáde ní ilé-iṣẹ́ kò sì ní bá ìpẹtà lọ. Lójú ẹni tó ní sáńpépà, búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà àti agolo ọ̀dà dúdú kan nílé, ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń pe èèyàn jọ sí: kí oòrùn tó wọ̀, á ti ha á, á ti kùn ún, kẹ̀kẹ́ á sì máa dán gbinrin. Èrò tèmi yàtọ̀. Lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ọ̀dà ṣọ̀wọ́n ju irin lọ. Irin tó bàjẹ́ ṣeé jó mọ́ra, ríìmù ṣeé pààrọ̀, ṣéènì ṣeé rà lọ́jà. Ọ̀dà tí wọ́n yan mọ́ irin nínú ààrò ilé-iṣẹ́ ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, bó bá ti ṣí, ó ti ṣí nìyẹn. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè nípa ọ̀nà yòówù tí a fẹ́ fi bọ́ ìpẹtà ni ohun tí ọ̀nà náà yóò ṣe fún ọ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpẹtà. Bí irin yóò ṣe mọ́ tó, ìbéèrè kejì ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú irú kẹ̀kẹ́ kan ṣe òdiwọ̀n, kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ̀ jù: kẹ̀kẹ́ dúdú gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin dípò wáyà. Raleigh, tí Frank Bowden dá sílẹ̀ ní Nottingham ní Disẹ́mbà 1888, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n Hercules, BSA, Rudge àti Phillips náà gba èbúté wọlé, wọ́n sì bá wa ru kòkó, ẹmu àti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Nígbà náà, wọn kì í kùn wọ́n bí àwa ṣe ń kun géètì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ epo kúrò lára férémù, ilé-iṣẹ́ bíi Raleigh a máa fi omi fọ́síféètì wẹ̀ ẹ́, kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú, kí ìpẹtà má sì tètè ràn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀dà enamel, tí wọ́n ń yan nínú ààrò títí yóò fi le. Lẹ́yìn náà ni ìlà wúrà tí ọwọ́ èèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fà, àti àlẹ̀mọ́ orúkọ tí wọ́n rẹ sínú omi kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sí ààyè rẹ̀, tí wọ́n sì fi fánnísì bò mọ́lẹ̀. Ipele mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà níbẹ̀, kò sì nípọn tó èékánná.

Ẹni tó mọ ọ̀dà yìí kà yóò rí ohun púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kúróòmù di ohun tí wọ́n ń ṣọ́ lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ sì jáde tí ọwọ́ rẹ̀ àti ríìmù rẹ̀ jẹ́ dúdú. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú, yóò rò pé aláìmọ̀kan ló fi ọ̀dà rẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́; yóò ha á dé irin, yóò gbé e fún oníkúróòmù, ẹ̀rí ogun yóò sì pòórá. Àmì funfun tó wà nídìí mọ́gáàdì ẹ̀yìn ní ìdí tirẹ̀: òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bí i, kí ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tètè rí kẹ̀kẹ́ lókùnkùn. Họ́ọ̀bù Sturmey-Archer tí wọ́n ń pè ní AW, tó jáde ní 1936, sábà máa ń ní ọdún tí wọ́n ṣe é lára, nọ́ńbà méjì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin. Àmọ́ họ́ọ̀bù ṣeé yọ lára kẹ̀kẹ́ kan sí òmíràn, ọ̀dà àti àlẹ̀mọ́ ara férémù la fi ń mọ̀ bóyá ọdún tó wà lára họ́ọ̀bù bá ti férémù mu. Nílẹ̀ wa, ọ̀dà náà tún gba ìtàn tuntun sára: ibi tí okùn ẹrù ti bó ọ̀pá òkè, tàbí lẹ́tà orúkọ olówó kẹ̀kẹ́ tí ẹnì kan fara balẹ̀ kọ sí mọ́gáàdì. Àwọn wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kankan ní Nottingham tàbí Birmingham.

Àríyànjiyàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ní 1877, William Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti dáàbò bo ilé àtijọ́, nítorí pé àwọn tó ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe nígbà náà ń ha ara ògiri dànù kó lè jọ tuntun. Híha tí wọ́n ta kò yìí ló mú kí wọ́n máa pe ẹgbẹ́ náà ní Anti-Scrape. Ohun tí wọ́n sọ nípa òkúta bá ọ̀dà mu. Ẹni tó ha ohun àtijọ́ kó lè jọ tuntun, tuntun tirẹ̀ ló ṣe. Èyí tí ó bá níbẹ̀ ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ìpẹtà wò. Irin, omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń para pọ̀ di ìpẹtà, iyọ̀ sì ń mú un yá, ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ etí òkun fi ń tètè dógùn-ún ju ti ìlú òkè lọ. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpẹtà a máa falẹ̀ gan-an; Èkó kì í sábà rí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà tún ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ó lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà, ìyẹn ló fi ń ti ọ̀dà sókè láti abẹ́. Ibi tí ojú wa rí kéré sí ibi tí ó dé. Ọ̀dà tó bá ti wú lókè ìpẹtà kò di irin mú mọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ kìkì nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ rà á. Ohun kejì tí àwọn èèyàn kì í sábà rò ni pé ìpẹtà fúnra rẹ̀ le. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò láti mú góòlù dán. Nítorí náà, ẹni tó fi àkísà gbígbẹ nu kẹ̀kẹ́ tó dípẹtà ti fi sáńpépà nù ún láìmọ̀.

Láti inú èyí ni ọ̀nà àkọ́kọ́ ti jáde: epo ni kó ṣáájú. A ó fi omi díẹ̀, ọṣẹ tí kò le àti aṣọ rírọ̀ fọ eruku kúrò, a ó gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, a ó wá fi epo ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tọ́ ojú ìpẹtà, kó sùn níbẹ̀. Pẹtiróòlù àti tínà kò gbọ́dọ̀ dé ìtòsí àlẹ̀mọ́, torí pé wọ́n lè tú fánnísì tó bò ó. Lọ́jọ́ kejì, ìpẹtà yóò ti rọ̀ nínú epo, a ó sì máa fi igi tí a gbẹ́ lẹ́nu, tàbí abẹ idẹ tí a dá dùbúlẹ̀, ṣí i díẹ̀díẹ̀. Láti àárín ìpẹtà ni ká ti máa bọ̀ síta, kí ọwọ́ sì dúró níbi tí ọ̀dà bá ti bẹ̀rẹ̀. Irun irin tí àwọn obìnrin fi ń fọ ìkòkò kò dára níbí. Bí ó bá tilẹ̀ rọra họ, èérún rẹ̀ máa ń há sínú ọ̀dà, á wá dípẹtà síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí kò ní ju ojú ìpẹtà mẹ́wàá á di ọlọ́gọ́rùn-ún. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò. Mi ò ní purọ́ pé kò gbà á.

Lórí omi ìbọ́pẹtà ni ìmọ̀ràn ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀dà ti ń ṣòfò jù. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà ń ṣiṣẹ́, kò sí àní-àní. Ásíìdì ni wọ́n, wọ́n sì ń tú ìpẹtà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú u tán, wọ́n á kọjá sórí irin, wọ́n á jẹ ṣíńkì tí wọ́n fi bo sípóòkì, wọ́n á sì yọ́ wọ abẹ́ etí ọ̀dà níbi tí omi tí a fi ń ṣàn án kò lè dé. Ásíìdì bátìrì burú jù wọ́n lọ. Yàtọ̀ sí pé ó lè fọ́ni lójú, háídírójìn tó ń jáde bó ṣe ń jẹ irin lè wọnú irin líle bíi sípíríǹgì ìjókòó, kí irin náà wá máa ṣẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Ásíìdì oxalic ni ọ̀pọ̀ olùtọ́jú kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn, ìdí rẹ̀ sì yé ni: ó ń gbá irin inú ìpẹtà mú, ó ń kó o wọ inú omi, kì í sì í sábà ṣe enamel dúdú ní nǹkan. Gíráàmù 20 sí 30 nínú lítà omi kan tó fún un. Ìbátan rẹ̀ kan, èyí tí kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ló ń mú kí kókò tí kò jinná yún ni lọ́fun, ẹ ò rí i pé àlejò kọ́ ni láàárín wa. Síbẹ̀, májèlé ni. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ imú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà pọn dandan, bó bá sì pẹ́ jù lára irin, a máa fi èépá àwọ̀ ìyeyè sílẹ̀ níbẹ̀. Ó tún lè ṣí àwọ̀ àwọn ọ̀dà kan tí wọ́n kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí àwọ̀ fàdákà kí wọ́n lè máa tàn. Èmi kò fara mọ́ ọn kí a ri gbogbo férémù sínú rẹ̀ bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe, nítorí omi tó bá wọ inú ọ̀pá kì í fẹ́ jáde. Òwú ni ká fi tọ́ ọ sí ojú ìpẹtà, ká máa wò ó, ká fi omi bákín sódà pa agbára rẹ̀, ká ṣàn án, ká gbẹ ẹ́. A ó sì ti kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ ibi tí pẹ́dà ti ń yí, níbi tí ojú kì í dé.

Omi ìbọ́pẹtà mìíràn wà tí kì í ṣe ásíìdì, bíi Evapo-Rust. Ó ń mú irin inú ìpẹtà, ó ń fi irin gidi sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún bóòtì àti ṣéènì, àmọ́ ó lè ṣí ipele fọ́síféètì tó fara hàn, nítorí náà ìdánwò kò ṣeé fò. Ní ti àwọn tó ń fi bátìrì àti omi sódà ìfọṣọ bọ́ ìpẹtà, wọ́n máa ń sọ pé ọ̀nà náà kì í jẹ irin, òótọ́ sì ni. Irin nìkan ni kì í jẹ. Sódà máa ń sọ ọ̀dà di rírọ̀, háídírójìn tó ń hó lójú irin sì ń gbé etí ọ̀dà sókè láti abẹ́. Irin tí ọ̀dà kò sí lára rẹ̀ ni ọ̀nà yìí wà fún.

Apá oníkúróòmù kò ní gbà wá lákòókò. Kúróòmù le ju enamel lọ, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín gan-an lórí níkẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ihò wínníwínní inú rẹ̀ ni ìpẹtà ti ń yọrí. Fóìlì tí a ká lẹ́nu, tí a rẹ sínú omi, tó láti fi nù ún. Ó rọ̀ ju kúróòmù lọ, kì í họ ọ́. Kẹ̀kẹ́ tó bá ṣáájú ìparí àwọn ọdún 1920, níkẹ́ẹ̀lì lásán ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi kúróòmù bò ó ní orúkọ àtúnṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn mẹkáníìkì tó wà níbí ń sọ nínú ara wọn: àrùn ni ìpẹtà, bí a bá fi díẹ̀ sílẹ̀ yóò tún ràn, nítorí náà ká ha á dé irin funfun. Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ ká dá a lóhùn dáadáa. Lákọ̀ọ́kọ́, ìpẹtà kò ní ẹ̀mí. Bí kò bá rí omi àti ọ́síjìn, yóò dúró sójú kan. Irin tí a ha dé funfun tí a gbé sínú ọ̀rinrin yóò tún pọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, nígbà tí ìpẹtà tó gbẹ tí ìda bò lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkejì, ìpẹtà ṣeé yí padà láìbọ́ ọ kúrò. Canadian Conservation Institute, ilé-iṣẹ́ ìjọba Kánádà lórí ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ti tẹ ìlànà jáde lórí bí a ṣe ń fi ásíìdì tannic kun irin tó dípẹtà. Irú ásíìdì yìí wà nínú èèpo igi àti nínú tíì, ó sì ń sọ ìpẹtà di dúdú tó ní aró nínú. Ẹ ronú sí i lórí kẹ̀kẹ́ dúdú: ojú ìpẹtà tó pọ́n rakọrakọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú enamel tó yí i ká, a kò sì tíì ha ohunkóhun. Ká ṣáà má jẹ́ kó kan ìlà wúrà. Ìkẹta, ìpẹtà tó ń pa férémù kì í sábà jẹ́ èyí tí à ń rí. Omi ń gba ẹnu ọ̀pá ìjókòó wọlé, ó ń ṣàn lọ jókòó sí ìdí pẹ́dà, ibẹ̀ ló ti ń jẹ irin láti inú. Sáńpépà kò lè dé ibẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan ha ìta, tí kò da epo kankan sínú ọ̀pá, ojú ayé ló ṣe. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ohun kan: bí irin bá ti lu, tàbí tó sán nítòsí orí fọ́ọ̀kì, ẹ gbé e fún ajórin bí ẹ bá fẹ́ gùn ún, kí ọ̀dà ibẹ̀ sì jóná. Ẹ̀mí ẹni tó ń gùn ún ṣáájú.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀dà tuntun ń dáàbò bo irin ju ọ̀dà tó ti họ lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n yan ní ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀dà agolo tí à ń fín sára irin ní ìta gbangba kò sí lára irú rẹ̀. Sáńpépà tó ṣáájú rẹ̀ ti ha fọ́síféètì tó wà lára irin dànù, iyọ̀ ìka ọwọ́ àti ọ̀rinrin ti bà lé irin kí ọ̀dà tó dé, ìpẹtà sì ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ohun tó ń dán. Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ẹni tó sọ pé, “Kẹ̀kẹ́ mi ni, mo fi ń lọ sóko, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mùsíọ́ọ̀mù dà mí láàmú.” Olúwarẹ̀ jàre. Kì í ṣe gbogbo kẹ̀kẹ́ dúdú ló jẹ́ ìwé ìtàn, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí kò ná an ju ọ̀dà agolo lọ, kò sì dí i lọ́wọ́ lílọ sóko. Àwọn tí mo ń bá wí gan-an ni àwa tí à ń ra kẹ̀kẹ́ nítorí pé ó ti pẹ́, tí a sì ń sáré pa ohun tó fi hàn pé ó pẹ́.

Bí ìpẹtà bá ti lọ, kí la ó fi pa á lára? Epo pupa ni ọ̀pọ̀ àgbà á kọ́kọ́ dárúkọ, bí wọ́n ṣe ń fi pa àdá. Fún àdá tí à ń pọ́n lóòrèkóòrè, kò burú. Lára kẹ̀kẹ́, epo pupa kì í gbẹ, eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, bó bá sì pẹ́, ó ń kan, ásíìdì inú rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Òróró linseed tí wọ́n sè sàn fún inú ọ̀pá, nítorí pé ó ń gbẹ di awọ. Àmọ́ àkísà tí a fi nù ún lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná, nítorí náà inú omi ni ká jù ú sí. Fún ìta, ìda ló dára jù. Renaissance Wax tí wọ́n ṣe ní British Museum ní àwọn ọdún 1950 ni àwọn mùsíọ́ọ̀mù ń lò, bí ẹ kò bá sì rí i, ìda ọkọ̀ tí kò ní iyanrìn ìmúdán nínú á ṣe é. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí bí ààyè bá wà, torí pé afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ á bá yín gbẹ ẹ́.

Ó ku ibi tí ọ̀dà ti lọ pátápátá, tí irin wà ní ìhòòhò. Èmi á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lábẹ́ ìda. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbà á lè fi ọ̀dà dí i, bí ó bá ti ya fọ́tò rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀dà tuntun náà kò bá gun orí ti àtijọ́, tí ó sì jẹ́ irú èyí tí ẹlòmíràn lè nù kúrò lọ́jọ́ iwájú láìkan enamel. Férémù tí ọ̀dà rẹ̀ ti tán, tí òjìji àlẹ̀mọ́ pàápàá kò sí lára rẹ̀ mọ́, n kò bá olówó rẹ̀ jà: kó ha á, kó kùn ún, kó gùn ún. Kó ṣáà yẹ abẹ́ ìdí pẹ́dà àti abẹ́ ìdè ìjókòó wò kó tó mú sáńpépà, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ilé-iṣẹ́ sábà máa ń kù sí.